Aago Aláwọ̀ Òkun

Aago kan wà lára ògiri pálọ̀ mi tí àlejò kì í wọlé kó má bèèrè ibi tí mo ti rà á. Àárín rẹ̀ dúdú bí aró, ó ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bọ̀ sí etí, títí tó fi funfun bí ìfófòó ìgbì létí òkun. Ó ń dán bí ẹni pé omi ṣì wà lójú rẹ̀. Mi ò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ló ṣe é, òun náà ló sì san owó rẹ̀. Ọwọ́ àti ojú ló fi san án.

Bàrígà ló ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan ṣoṣo tí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ rẹ̀ wà nínú, irú èyí tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀fù-kọntéènì. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 lọ, bẹ́ẹ̀dì sì ti gba ìdajì rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé irú yàrá bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé kò sí ibi téèyàn fẹ́ gbé ọ̀ṣọ́ sí. Ìkòkò òdòdó á gba ilẹ̀, àga tó bá lẹ́wà á dínà, bàbá onílé kò sì ní gbà kéèyàn kun ògiri ní àwọ̀ tó wù ú. Rẹ́síìnì, ohun tó fi ṣe aago yìí, kò ní gbogbo wàhálà yìí. Ara ògiri ló ń gbé, dídán rẹ̀ a sì máa dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, débi pé yàrá tóóró á dà bíi pé ó fẹ̀ sí i. Mi ò bá àbúrò mi wí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó rẹwà ni, mo ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Ọjọ́ta, níbi tí àwọn oníkẹ́míkà pọ̀ sí, ló ti lọ rà á. Ìgò méjì ni: rẹ́síìnì fúnra rẹ̀, tó ki bí oyin, àti hádénà tó ń mú un gan. Béèyàn bá pò wọ́n pọ̀ ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára wọn, tó bá sì fi máa tó nǹkan bíi wákàtí 24, ohun tó ń ṣàn lánàá á ti le gbagidi. Ìkìlọ̀ wà lára ìgò méjèèjì, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Àbúrò mi kò kà á. Èmi náà gbé ìgò yẹn lọ́wọ́, mo gbọ̀n ọ́n wò, mo yìn ín, mi ò kà á.

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ mú gan-an, eruku sì gba gbogbo àdúgbò. Rẹ́síìnì tútù kò sì fẹ́ eruku rárá, nítorí èyí tó bá bà lé e kó tó gan, ibẹ̀ ló máa wà títí ayé. Nítorí náà ni àbúrò mi ṣe máa ń ti fèrèsé pa, tó tún ń fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, fáànù náà á dákẹ́. Tábìlì tó fi ń ṣiṣẹ́ kò jìnnà sí ìrọ̀rí rẹ̀ ju ká na ọwọ́ lọ. Á da rẹ́síìnì sórí pátákó róbótó, á fi iná kékeré ra ojú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ lè bẹ́ jáde, á jókòó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ títí, á sì sùn tì í. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ní, "Kí ló ń rùn báyìí?"

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò ní pẹ́ gbàgbé ẹ̀."

Lóòótọ́ ni mo gbàgbé ẹ̀. Imú kì í pẹ́ mọ́ òórùn lára.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni rẹ́síìnì tó ṣẹ́kù nínú ife ike, nǹkan bí ìdajì ife, bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná fúnra rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Èéfín yọ lójú rẹ̀. Ìdí ife náà rọ̀ wọlẹ̀ bí òrí tí oòrùn pa. Mo fi aṣọ ìnulẹ̀ gbá a mú, mo sáré gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èyí tó wà lójú aago fẹlẹ́, ooru rẹ̀ ń ríbi jáde. Èyí tó wà nínú ife kó jọ sójú kan, ooru rẹ̀ kò ríbi lọ, ó sì ń bu epo síná ara rẹ̀. Ọjọ́ yẹn kọ́ la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín la rín.

Oṣù mẹ́rin kọjá, kò sí ohun tó ṣe àbúrò mi. Ibi tí rẹ́síìnì ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Bó bá ti ta sí i lọ́wọ́, á da sípíríìtì sí òwú, á fi nù ún kúrò. Kò mọ̀ pé ńṣe ni sípíríìtì ń yọ́ rẹ́síìnì náà, tó sì ń tì í wọnú awọ. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àárín ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Lẹ́yìn náà, ìléròrò wẹ́wẹ́ sú sí i. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ló pè mí pé òun ò lè la ojú. Mo dé ibẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti wú bí àkàrà.

Ẹnìkan ní edé ló jẹ. Ẹnìkan ní ọṣẹ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní ọwọ́ ayé ni, ó gbé àgbo wá. Gbogbo wa ò rí i pé wíwú náà ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń padà dé lẹ́yìn òpin ọ̀sẹ̀, àfi ìgbà tí dókítà awọ ara kan bi í pé, "Kí lo máa ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé?"

Láti mọ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀, wọ́n lẹ oríṣiríṣi nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́ ọn lẹ́yìn ní ìlà-ìlà, wọ́n ní kó má jẹ́ kí omi kan ẹ̀yìn náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 2, wọ́n ṣí i. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ojú ibẹ̀ mọ́, àfi ibì kan ṣoṣo tó pọ́n, tó wú, tó ní ìléròrò. Ibi tí wọ́n lẹ ẹpọ́sì mọ́ ni, ìyẹn irú rẹ́síìnì tó ń lò. Dókítà ṣàlàyé pé rẹ́síìnì tí kò tíì gan ni ara rẹ̀ kọ̀. Ara lè fara dà á fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá ti mọ̀ ọ́n lọ́tàá, kì í gbàgbé mọ́. Kò sí oògùn tó ń mú un gbàgbé. Kéèyàn sá fún un ni.

Fèrèsé yẹn ló ń dùn mí jù. Páálí kan ṣoṣo, ká dojú rẹ̀ dé aago náà, ì bá ti lé eruku, fèrèsé ì bá sì wà ní ṣíṣí. Ìbọ̀wọ́ nitrile ló yẹ kó wọ̀, kì í ṣe rọ́bà latex fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń lò. Ìbòmú tí gbogbo wa lò nígbà kòrónà kò lè dá òórùn kẹ́míkà dúró. Èyí tó ní àlẹ̀mọ́ asẹ́ fún kẹ́míkà ló lè ṣe é. Èyí tó bá ta síni lára, ká fi tíṣù nù ún, ká fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Èyí tó ti gan tán pátápátá kò léwu lára ògiri, kódà lókè bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi sáńpépà ha á ní gbígbẹ ń fa ìyẹ̀fun rẹ̀ símú. Ní tèmi o, yàrá téèyàn ń sùn, tó tún ń dáná nínú rẹ̀, kì í ṣe ibi tí a ti ń po rẹ́síìnì, bó ti wù kí fèrèsé rẹ̀ tóbi tó.

Àbúrò mi ti kó kúrò ní Bàrígà. Yàrá kan ṣoṣo ló tún gbà, ṣùgbọ́n aṣọ àdìrẹ ló nà mọ́ férémù igi báyìí, tó fi kọ́ ara ògiri. Lọ́dún tó kọjá, ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń da ẹpọ́sì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kó tó délé, ojú rẹ̀ ti wú. Aago aláwọ̀ òkun wà lọ́dọ̀ mi nítorí ó ní òun ò fẹ́ máa rí i.

Ẹ̀yin tí rẹ́síìnì tútù wà nínú yàrá tí ẹ fẹ́ sùn lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì gbé e síta.