Ìjì Ṣí Òrùlé, Ìwà Onílé Hàn

Ìjì òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí jà ní Agége lọ́jọ́ kan tí oòrùn ti mú ganrínganrín láti àárọ̀, ó sì ká gbogbo páànù orí ilé kan ní àdúgbò wa lọ sí ojú títì, tí ó fi di pé àwọn ayálégbé inú rẹ̀, arúgbó, abiyamọ àti ọmọ ilé-ìwé, fún ara wọn mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kejì pẹ̀lú ẹrù tútù, nítorí òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìyẹ. Ìyẹn kò bí mi nínú, kò kúkú sí ẹni tí í pe ìjì lẹ́jọ́. Ohun tí ó bí mi nínú, tí inú náà kò sì tíì rọ̀ títí mo fi mú kálámù, ni ọ̀rọ̀ tí onílé sọ nígbà tí ó dé lọ́jọ́ kejì, tí ó wọ aṣọ funfun báláú, tí ó dúró sí àárín ẹrẹ̀, tí ó ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí olúkúlùkù lọ mú owó páànù wá, ẹni tí kò bá sì rí i mú wá, kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti gba owó ilé ọdún kan gbáko lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ kan ìloro rẹ̀, láìka owó àdéhùn àti owó ajẹ́ńtì.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n: ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọlúàbí. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn baba wa ń kà mọ́ ọmọlúàbí, ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere, òtítọ́, akínkanjú àti iṣẹ́ ṣíṣe. Ṣùgbọ́n ìtìjú ni mo di mú lónìí, nítorí ẹni tí ojú kì í tì, gbogbo ìwà rere yòókù kì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtìjú ni í dá ènìyàn lẹ́kun níbi tí adájọ́ kò sí, òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹni tí ó ti jẹ owó òrùlé wo olówó lójú kí ó tún bi í léèrè òrùlé.

Baba tí ó bí mi fi yàrá háyà ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé. Nígbà tí ìjì ṣí orí yàrá tísà kan tí ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pálọ̀ tirẹ̀ ni ó kó tísà náà àti ìyàwó rẹ̀ sí, ó yáwó, ó ra páànù, ó sì dúró ti káfíńtà títí ìṣó ìkẹyìn fi wọlé. Ìyá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí tísà dá díẹ̀ níbẹ̀. Baba mi dá a lóhùn pé, “Owó ọkùnrin yìí wà nínú àpò mi. Ojú wo ni n óò fi wò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi?” Kò sí òfin tí ó kà kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmúwá Ọlọ́run yẹn ni ó tilẹ̀ dùn mí jù. Ìjì kan náà ni ó gba orí ilé kejì kọjá, ilé tí àwọn tí òjò lé jáde sá sí, páànù kan kò sì ṣí níbẹ̀, nítorí onílé ibẹ̀ fi irin de igi òrùlé mọ́ ògiri. Ní ti ilé tí ó ṣí, ikán ti jẹ igi, ìṣó ti dípẹtà, àwọn ayálégbé sì ti ń ké láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn pé etí òrùlé ń mì. Abẹ́ etí bẹ́ẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tí í sì í gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Àìtọ́jú ènìyàn ni a dì lérù, tí a gbé ru Ẹlẹ́dàá.

Òfin pàápàá kò ti onílé náà lẹ́yìn. Láti ọdún 2003 ni òfin adójútòfò Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí a fi ilé tí ará ìlú ń wọ̀ sábẹ́ ìwé adójútòfò nítorí ilé wíwó, iná, ilẹ̀ ríri, ìjì àti omíyalé, ó sì ka ilé tí ayálégbé ń gbé mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá rú u, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì, ni òfin ọdún 2003 náà kọ sílẹ̀ fún un, kí òfin tuntun ti ọdún 2025 tó rọ́pò rẹ̀. Òfin ilé yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, sì ní onílé ni yóò gba ìwé adójútòfò fún ilé, òun ni yóò sì máa tún ara òde rẹ̀ ṣe, àfi bí ìwé àdéhùn bá wí ohun mìíràn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni aláìnítìjú gbá mú, tí ó fi ń kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní pé ayálégbé ni yóò tún òrùlé ṣe, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí ń wá ibi sùn kì í ka ìwé dópin.

Àwọn onílé a ní páànù ti wọ́n gógó, wọn a ní àwọn ayálégbé mìíràn a máa jẹ gbèsè, wọn a ní àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò a máa fi òní dọ́la fún ẹni tí ó wá gba owó òfò. Mo gbà, irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ẹni tí ó sì fẹ́ máa gba owó ilé lọ́dọọdún, ìnira òrùlé tirẹ̀ ni. Nígbà tí a fi owó àwọn ayálégbé kan òrùlé ilé yẹn tán, ńṣe ni onílé fi owó kún owó ilé, ó ní ilé ti di tuntun. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i!

Ẹ̀yin ayálégbé, ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí: ẹ ka ìwé àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bèèrè ìwé adójútòfò ilé, kí ẹ sì rántí pé ẹrù yín lè nílò ìwé tirẹ̀, nítorí ilé ni onílé ń dáàbò bò. Ẹ̀yin onílé, ẹ gun òrùlé yín wò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ san owó adójútòfò kí òjò tó ṣú. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó má ṣe gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.