Bí Tírélà Bá Jóná, Ta Ló Jóná Fún?

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ òfin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà ní GRA Ìlọrin. Oníbàárà fẹ́ ra tírélà, owó ò tó o, àáfà rẹ̀ sì ti ní kó má fọwọ́ kan owó èlé. Báńkì kan tí kì í gba èlé yóò ra ọkọ̀ náà ní mílíọ̀nù 20 náírà, yóò tà á fún un ní mílíọ̀nù 25, kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ní kí ọmọ náà kọ àdéhùn rẹ̀.

Mílíọ̀nù 5 yẹn ńkọ́? Ṣé èrè ni, àbí èlé tó gbé agbádá wọ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àlọ́. Báńkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ irú òwò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi súkúùkù, ìwé ìdókòwò tí kò ní èlé, kó bílíọ̀nù 10 náírà jọ lọ́dún 2013 láti kọ́ ilé-ìwé. Ìjọba àpapọ̀ náà fi í gba bílíọ̀nù 100 lọ́dún 2017 fún títì. Ní Yunifásítì Ìlọrin, akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì àti Ṣàríà pọ̀, kó gba oyè lórí méjèèjì.

Àwọn bàbá wa náà mọ̀ pé orúkọ lè bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìwọ̀fà kì í san èlé lówó. Èlé rẹ̀ ń roko olówó ni, gbèsè ò sì dín.

Orúkọ kọ́ ni ká wò, bí kò ṣe àdánù. Bí tírélà bá jóná kí báńkì tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́, tí báńkì gbà pé òun ló jóná fún, òwò ló ṣe. Bí ìwé bá ti di àdánù ru oníbàárà látìbẹ̀rẹ̀, èlé ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi Lárúbáwá sọ ọ́ lórúkọ.

Lọ́yà ló ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ní kóòtù, ó ní alátakò, adájọ́ sì ń wò wọ́n. Nínú òwò, oníṣòwò lè dá jókòó síwájú ìwé tí kò lè kà. Àyà 282 nínú Súrátù Bákárà, tó gùn jù nínú Kùránì, ní kí akọ̀wé gbèsè ṣe déédéé. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń san owó lọ́yà! Síbẹ̀, owó iṣẹ́ kò ra ẹ̀tọ́ láti fi àdánù pamọ́ sí ìdí ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ òfin kọ́ ìwà ọmọlúàbí lọ́yà lọ́tọ̀, ó kọ́ òfin iléeṣẹ́ lọ́tọ̀. Inú ìwé àdéhùn gan-an ló yẹ kí méjèèjì ti pàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé adájọ́ Ṣàríà yóò tún àdéhùn tí kò dára ṣe tó bá yá. Abala 277 ìwé òfin 1999 fi ìgbéyàwó, ogún, wákàfù (ohun-ìní tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run) àti ẹ̀bùn sábẹ́ Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà. Kò dárúkọ báńkì.