Ìdáríjì àti Ẹ̀tọ́ Lẹ́yìn Jàǹbá Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ọmọlúàbí ni ẹni tí ìṣe rẹ̀ bá òtítọ́ mu, tó mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, tí ojú sì ń tì láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Sùúrù àti ìdáríjì wà nínú ìwà yìí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi gbà pé ẹni tí ọkọ̀ akẹ́rù ṣe léṣe, tó wá tọ ọ̀nà òfin lọ láti gba owó gbà-máà-bínú, ti ṣe ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n á ní kádàrá ni. Wọ́n á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Èrò yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì tó ohun tí à ń yẹ̀ wò dáadáa.

Ní Missèbo, ní Kútọnù ní ilẹ̀ Benin, níbi tí òwò aṣọ òkìrìkà ti gbilẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ń wọ àárín ọlọ́jà láti já ẹrù. Ọmọ ọkọ̀ á dúró lẹ́yìn, á máa fọwọ́ lu ara ọkọ̀, á máa ké sí dẹ́rẹ́bà pé kó máa bọ̀, kó máa bọ̀. Alábàárù tó ru bélì aṣọ sórí kò lè yí ọrùn wẹ̀yìn. Ká ní ọkọ̀ náà gun irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kó tó pẹ́, àwọn àgbà á ti pé jọ. Ẹni tó ni ọkọ̀ á rán ẹni wá bẹ̀bẹ̀, á fi owó oògùn ránṣẹ́, wọn á sì ní kí ọ̀rọ̀ má dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ọkùnrin náà á ní òun ti gbà. Gbogbo ọjà á yìn ín pé ọmọlúàbí ni.

Ìyìn yẹn ni mi ò fara mọ́. Ìdáríjì ni kí ènìyàn yọ ìbínú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kúrò lọ́kàn. Ẹ̀tọ́ ni ohun tí ẹlòmíràn jẹ ènìyàn ní gbèsè rẹ̀, ì báà bínú, ì báà má bínú. Ìbínú jẹ́ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó lè jù ú nù lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó kán yẹn ni ìyàwó àti ọmọ fi ń jẹun, òun náà ni owó ilé ìwé. Ẹni tó fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ta olówó ọkọ̀ lọ́rẹ, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló fi tọrẹ.

Ní ti òwe kóòtù, àjọṣe tó ti wà tẹ́lẹ̀ tí kò yẹ kó bàjẹ́ ló ń dáàbò bò: ọmọ ìyá méjì tó ń jà lórí ilẹ̀ baba wọn, aládùúgbò tí yóò tún jí kí ara wọn lọ́la. Alábàárù àti olówó ọkọ̀ kò ṣọ̀rẹ́ rí. Ní ti kádàrá, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ńténà já lu bọ́ọ̀sì ní Ojúẹlẹ́gba ní Èkó, ènìyàn 9 kú. Lọ́jọ́ kan náà, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù forí sọra ní Dassa ní ilẹ̀ Benin, àwọn tó kú lé ní 20. Ẹni tó bá pe èyí ní kádàrá lè má ṣìnà nínú ìgbàgbọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣì ní láti jẹun.

Òfin CIMA, ìyẹn òfin adójútòfò tí àdéhùn ọdún 1992 ní Yaoundé bí, ló de ọ̀rọ̀ yìí ní Benin. Ó sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ní adójútòfò. Ó tún ní kí iléeṣẹ́ adójútòfò sọ iye tí yóò san fún ẹni tó fara pa láàárín oṣù 12 sí ọjọ́ jàǹbá, àti fún àwọn àjogún láàárín oṣù 8 sí ọjọ́ ikú, yálà wọ́n béèrè tàbí wọn kò béèrè. Níbí ni òfin ti sún mọ́ ìwà jù lójú tèmi: kò fẹ́ kí ẹni tó jẹ gbèsè dúró de ìgbà tí wọ́n bá wá sìn ín. Bí ọkọ̀ náà bá sì ti Èkó gba ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé, Kútọnù yìí kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn carte brune, ìyẹn káàdì adójútòfò ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kọjá ààlà, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982, kí ààlà ilẹ̀ má baà di ibi ìsásí fún ẹni tó ṣeni léṣe.

Òtítọ́ de ẹni tó ń béèrè náà. Ẹni tí kò ní ìwé tó fi iye tó ń wọlé fún un hàn, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba là sílẹ̀ ni wọn yóò fi ṣírò tirẹ̀, ìyẹn 52,000 owó sẹ́fà láti ọdún 2023. Alábàárù wo ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀? Ó lè ti máa pa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀dùn ọkàn sì ni. Ìdánwò ìwé ayédèrú á wá dé: ti dókítà tó fi oṣù kún àìsàn, ti ọ̀gá tí kò gbà á síṣẹ́ rí. Àpò tí wọ́n ti ń san owó náà, àwọn awakọ̀ tí wọ́n jẹ́ tálákà bíi tirẹ̀ wà lára àwọn tó dá a. Alábàárù tó bá sì fara pa lẹ́yìn rẹ̀, ojú èké ni wọn yóò fi wo ìwé òtítọ́ tirẹ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí sí jù ni òǹtajà tó jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tó rí gbogbo bí jàǹbá náà ṣe ṣẹlẹ̀, tó wá sọ fún ọlọ́pàá pé owó ni òun ń kà. Oníbàárà rẹ̀ ni olówó ọkọ̀, kò sì fẹ́ ìjà. Ó lè gbé oúnjẹ lọ bá aláìsàn lálẹ́, kó sì rò pé òun ti ṣe tòun. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ̀ náà, bóyá ẹ̀yìn ló ń wọ́ bọ̀, bóyá ọmọ ọkọ̀ wà níbẹ̀ tàbí ó ti lọ ra omi, ẹni tó ń jẹ̀rora nílẹ̀ kò rí ọ̀kankan nínú wọn. Òǹtajà yìí ló rí wọn.