Ẹ̀sọ̀ Ni A Fi Ń Po Tíì

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń wá ibi tí òwe yìí ti fara hàn gbangba, kí ó lọ dúró ti ẹni tí ń kánjú po tíì ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ó wo bí yóò ti sọ àpò tíì sínú ife, tí yóò da omi lé e lórí, tí yóò fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife títí gbogbo ìkorò inú rẹ̀ yóò fi jáde, tí yóò wá bu ṣúgà ṣíbí mẹ́rin sí i láti fi tu ohun tí ó ṣẹ̀ lójú. Ewé kò jẹ̀bi. Ọwọ́ ni ó yá jù.

Igi kan náà ni tíì dúdú àti tíì aláwọ̀ ewé ti wá, igi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Camellia sinensis, tí àwọn ará Ṣáínà ti ń mu omi ewé rẹ̀ kí aráyé ìyókù tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀: èyí tí a bá tètè fi iná kàn lẹ́yìn tí a já a, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò ní ṣí; èyí tí a bá sá títí ó fi rọ, tí a yí mọ́ra, tí afẹ́fẹ́ sì ráyè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ títí ó fi ṣú, òun ni dúdú. Nítorí náà ni ìwà wọn kò ṣe dọ́gba nídìí omi. Dúdú ń fẹ́ omi tí ó ń hó yaya, kí ó sì jókòó nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí ooru omi bá ti ju ìwọ̀n 80 ti Celsius lọ, aláwọ̀ ewé yóò fajú ro, yóò korò bí ewúro. Ẹ sọ kẹ́tùlù kalẹ̀ kí ó sinmi ná; pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kí ẹ sì fi omi gbígbóná ṣan ìkòkò tíì kí ewé tó wọ inú rẹ̀, nítorí ìkòkò tútù a máa jí ooru omi gbé.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni mo ń sọ. Wọ́n ń gbin tíì lórí Òkè Mambilla ní Ìpínlẹ̀ Taraba, àwọn Hausa onítíì tí ń jókòó ti iná ní Sábó ní alẹ́ sì mọ iṣẹ́ yìí dénú: wọn a gbé ife kan sókè, wọn a gbé èkejì sísàlẹ̀, wọn a máa da tíì láti òkè wá sísàlẹ̀ bí ẹni ń na okùn, títí yóò fi tutù tó ẹnu, tí ìfóòfó yóò sì bo ojú rẹ̀, ẹ̀kán kan kò sì ní ta sílẹ̀.

Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fi tíì kí ara wọn káàárọ̀, káàsán, kúùrọ̀lẹ́, kò tíì fẹnu kò lórí ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọ ife, wàrà ni tàbí tíì. Òǹkọ̀wé wọn, George Orwell, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn ní 1946, ó sì la òfin mọ́kànlá sílẹ̀ nínú rẹ̀: kí a gbé ìkòkò tíì lọ bá kẹ́tùlù, kì í ṣe kí a gbé kẹ́tùlù wá bá ìkòkò, kí tíì ṣáájú wàrà, kí ṣúgà má ṣe débẹ̀ rárá. Nígbà tí ó di 1980, àjọ ISO tí ń ṣe òfin ìwọ̀n fún gbogbo ayé gbé tirẹ̀ náà jáde: gíráàmù méjì ewé sí 100 mílílítà omi, ìṣẹ́jú mẹ́fà gééré. Àwọn tí ń tọ́ tíì wò fún títà ni wọ́n ṣe òfin yẹn fún, kí wọ́n lè fi ewé kan wé èkejì láìṣe ojúsàájú. Ẹni tí ó bá fi gbàlejò nínú ilé rẹ̀, àlejò náà yóò rántí rẹ̀ fún ìkorò.

Níbi tí àwọn olólùfẹ́ tíì bá pé jọ sí, oríkì ni oníkálùkù ń ki ti ọwọ́ rẹ̀. Tíì, ewé orí òkè tí ń bá ọba jẹun, tí ń bá alágbàṣe jí! Ẹni kan yóò ní kò sí èyí tó Assam, tí ó pupa, tí ó lágbára, tí wàrà kò lè borí rẹ̀. Èkejì yóò ní Darjeeling ni, kí a má sì fi wàrà ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíràn yóò gbé Earl Grey kalẹ̀, tí wọ́n fi òróró èèpo bergamot sí, ọsàn kan tí ó pọ̀ ní Calabria ní ilẹ̀ Ítálì. Ẹlòmíràn yóò sì gbé Lapsang Souchong láti òkè Wuyi ní Fujian, tí wọ́n fi èéfín igi páìnì yan, tí olóòótọ́ ènìyàn fi lè béèrè bóyá ẹja ni wọ́n ń sè. Ìwà ọmọlúwàbí ni kí a tọ́ ti ẹnìkejì wò kí a tó sọ̀rọ̀, nítorí ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Kí ẹnikẹ́ni má sì yínmú sí ẹni tí ó bá já koríko ọba wá láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ewé tíì. Kì í ṣe ọmọ igi kan náà pẹ̀lú wọn, òótọ́ ni, sísè sì ni a ń sè é, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ a máa gba gbogbo ilé.

Nídìí ààrò, òwe mìíràn ni ó ń jọba: bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Àwọn ará Wales ní búrẹ́dì kan, bara brith ni wọ́n ń pè é, tí ẹni tí ó ń kánjú kò lè ṣe yanjú. Láti alẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó po tíì dúdú tí ó le, 300 mílílítà, a ó sẹ́ ewé rẹ̀ kúrò, a ó dà á ní gbígbóná lé 400 gíráàmù èso àjàrà gbígbẹ lórí pẹ̀lú ṣúgà pupa, a ó fi aṣọ bò ó, a ó sì lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ṣí i wò: èso tí ó hunjọ lánàá ti yọkùn, ó ń dán, omi tí ó kù nísàlẹ̀ abọ́ sì ti ki, ó ti dúdú. Ẹ má dà á nù o! Òun náà ni a ó fi po 250 gíráàmù fùláwà tí ìwúkàrà ti wà nínú rẹ̀, àti ẹyin kan, àti èròjà olóòórùn dídùn díẹ̀, kí a tó gbé e sínú ààrò tí ooru rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 160 ti Celsius, fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹni tí ó bá rẹ èso fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, èso gbígbẹ náà yóò fa omi inú fùláwà mu, búrẹ́dì yóò sì máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọ̀bẹ. Àwọn ará Ireland ní èyí tí ó fara jọ ọ́, barmbrack, tí wọ́n ń fi òrùka pamọ́ sí nínú nígbà Halloween. Ẹni tí òrùka bá kàn, wọ́n ní ìgbéyàwó rẹ̀ kò ní pẹ́. Kí ó ṣáà má gbé e mì.

Ní ti kéèkì, àṣìṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni pé wọ́n ń da omi tíì sí fùláwà, wọ́n sì ń retí pé kí ẹnu mọ̀ ọ́n. Kì í dún lẹ́nu. Bọ́tà àti wàrà ni ó mọ òórùn gbé: ẹ yọ́ bọ́tà lórí iná jẹ́jẹ́, ẹ da ewé Earl Grey sí i, ẹ jẹ́ kí ó jókòó, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tó fi po ohunkóhun. Koríko ọba náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wàrà, ó sì dára púpọ̀. Matcha àwọn ará Japan ni kò fẹ́ sísẹ́, nítorí odindi ewé ni wọ́n lọ̀ kúnná. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ jù nínú ààrò, àwọ̀ ewé rẹ̀ yóò ṣá.

Bara brith a máa dùn sí i ní ọjọ́ kejì, bí a bá wé e dáadáa. A ó gé e, a ó fi bọ́tà ra á lójú. Tíì tí a ó bù tì í kò gbọ́dọ̀ jẹ́ eléèéfín, nítorí yóò bá èròjà inú rẹ̀ jà. Assam oníwàrà ni èmi a máa gbé kalẹ̀, bí àlejò bá sì sọ pé koríko ọba ni òun fẹ́, n ó gbé e kaná.