Olúwa Kò Jẹ́ Kí Ojú Tì Mí ní Wuse



Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ géèmù ni mò ń ṣe ní Wuse, níhìn-ín ní Àbújá. Àwọn oníbàárà a máa gbé e wá pé kí n bá àwọn ṣe jailbreak rẹ̀, kí géèmù lè máa ṣiṣẹ́ láìsí CD.

Iṣẹ́ ju iṣẹ́ lọ níbẹ̀. PlayStation 2 ló rọrùn jù: láti 2008, mẹ́móríkáàdì kan ti tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, a kì í tilẹ̀ tú u. PS4 tó bá ṣì wà lórí sọ́fítíwíà 9.00, fúláàṣì àti íntánẹ́ẹ̀tì ni a fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí olówó rẹ̀ bá ti ṣe update kọjá ibẹ̀, kò rọrùn láti dá a padà síbẹ̀ mọ́. Xbox 360 ni baba wàhálà. A óò tú u, a óò fi òjé lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ bọ́ọ̀dù, a óò ka ohun tó wà nínú mẹ́mórì rẹ̀, a óò wá kọ tuntun lé e. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà nínú mẹ́mórì yẹn, ti ẹ̀rọ kan kì í ṣiṣẹ́ fún òmíràn. Bó bá sọnù, wàhálà dé.

Xbox 360 bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà mi kan, Ìyá Ìbejì, gbé wá láti Nyanya. Ilé géèmù ni wọ́n ní, ibẹ̀ ni owó iléèwé àwọn ọmọ wọn ti ń wá. Mo sọ fún wọn pé Microsoft lè lé e kúrò lórí Xbox Live. Wọ́n ní àwọn ọmọ àdúgbò kò bá ti íntánẹ́ẹ̀tì wá.

Mo ka mẹ́mórì náà lẹ́ẹ̀mejì, mo fi wọ́n wéra, wọn kò dọ́gba. Wáyà kan ni kò dì dáadáa.

Ìyá Ìbejì ní, "Ẹnjiníà, ilẹ̀ ń ṣú o!"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i."

Mo yọ́ òjé ibẹ̀, mo tún un kà títí méjì fi dọ́gba gẹ́lẹ́, mo fi ẹ̀dà kan sórí fúláàṣì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé e. Ó dé ìdajì, iná lọ! Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ kò jí. Ìyá Ìbejì káwọ́ lérí: "Ẹnjiníà, mo gbé!" Ẹ̀yin ará, n kò ní owó Xbox lọ́wọ́.

Mo ké pe Ọlọ́run mi. Mo ki fúláàṣì bọ kọ̀ǹpútà, mo da ti àtijọ́ padà sínú rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Iná aláwọ̀ ewé tàn, àwòrán yọ lójú tẹlifíṣọ̀n! Orí ínfátà ni mo ti parí ìyókù, wọ́n sì gbé e lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ká ní ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó lábùkù ni mo gbára lé, ìbá ṣòro gan-an láti jí ẹ̀rọ yẹn. Ta ló fún mi ní sùúrù nígbà tí oníṣẹ́ ń kán mi lójú? Olúwa ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ má kọ tuntun láì ní ti àtijọ́ tó pé lọ́wọ́. Ọlọ́run tó gbà mí lọ́wọ́ gbèsè àti ìtìjú yóò dá iṣẹ́ ọwọ́ tiyín náà sí.