Ta Ni Kò Ní Yà Nílé Bàbá Rẹ̀?

Ìtàn kan wà nínú Ògúndá Méjì tó jẹ́ pé ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà bi àwọn òrìṣà pé ta ló lè bá olùsìn rẹ̀ rin ìrìn àjò títí dé ìkọjá òkun, tí kò ní pẹ̀yìn dà. Ṣàngó ní òun tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, bó bá rìn títí tó dé Kòso, ilé bàbá rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì ka iwájú rẹ̀? Ṣàngó ò parọ́: bóun bá yó tán, òun ò lọ mọ́. Ọya náà ní Ìrá tí yóò yà sí, Ògún ní Ìrè. Nígbà tí gbogbo wọn sọ tẹnu wọn tán, orí ẹni nìkan ló kù tí kò ní ilé kankan tí yóò yà sí lójú ọ̀nà.

Ẹsẹ yìí ò tàbùkù òrìṣà kankan. Ohun tó ń fi hàn ni pé gbogbo agbára tó ń sin ni ló ní ibi tí yóò ti dúró, oúnjẹ tó fẹ́ràn ló sì máa ń dá a dúró níbẹ̀. Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ rẹ̀ láàárín àwọn olóṣèlú wa, ìgbésí ayé Abraham Adésànyà bá a mu ju ti ọ̀pọ̀ wọn lọ.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1922. Agbẹjọ́rò ni, ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ sì ni. Abẹ́ àsíá ẹgbẹ́ UPN ló ti wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979. Láìpẹ́, Ààrẹ Shehu Shagari fi orúkọ Adájọ́ Victor Ovie-Whiskey ránṣẹ́ sílé ìgbìmọ̀ pé òun ni kó jẹ́ alága FEDECO, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò. Adésànyà dìde, ó ní òfin kò gbà á: Ovie-Whiskey ṣì ni adájọ́ àgbà Ìpínlẹ̀ Bendel lásìkò náà, ẹni tó bá sì wà nípò ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó sórí irú àga bẹ́ẹ̀. Wọ́n jiyàn, àwọn tó pọ̀ jù ló borí, wọ́n fọwọ́ sí orúkọ náà.

Ọ̀pọ̀ aṣòfin ni ì bá jókòó kó máa gbowó oṣù rẹ̀. Adésànyà gba ilé ẹjọ́ lọ. Ilé-Ẹjọ́ Gíga dá a láre. Nígbà tí ẹjọ́ dé kòtẹ́milọ́rùn, ọ̀nà yí padà: àwọn adájọ́ ò bèèrè mọ́ bóyá ìyànsípò náà tọ́, wọ́n ń bèèrè bóyá Adésànyà gan-an lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ẹjọ́ náà. Ní 1981, Ilé-Ẹjọ́ tó ga jù lọ fi òǹtẹ̀ lù ú pé kò ní ẹ̀tọ́ náà. Ó ti bá wọn jiyàn nílé ìgbìmọ̀, wọ́n sì ti borí rẹ̀ níbẹ̀. Kò fi hàn pé ẹ̀tọ́ tirẹ̀ kan wà tí wọ́n fi dù ú. Títí di òní, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Nàìjíríà tí kò ka ẹjọ́ náà.

Ibí yìí ni Ògúndá Méjì ti sọ̀rọ̀ jù. Ipò sẹ́nétọ̀ bá Adésànyà lọ dé inú ilé ìgbìmọ̀, ó fún un láǹfààní láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, ipò náà padà lẹ́yìn rẹ̀. Lábẹ́ Ovie-Whiskey ni FEDECO ṣe ìdìbò 1983. Kí ọdún náà tó parí, lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, àwọn ológun gbàjọba, àga sẹ́nétọ̀ fúnra rẹ̀ sì dàwátì.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Wọ́n fagi lé ìdìbò ààrẹ 12 oṣù Kẹfà 1993, Ọ̀gágun Abacha gorí àlééfà, ẹgbẹ́ NADECO sì dìde ní oṣù Karùn-ún 1994 láti bá ìjọba ológun jà. Adésànyà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò ní àga, kò ní ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tó ṣáájú ìjà náà. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kìíní 1997, àwọn oníbọn da ọta bo ọkọ̀ rẹ̀ ní Èkó. Kò kú. Àpamákùú ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á sáré sọ pé orí rẹ̀ ló gbà á. Òótọ́ lè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fi sùúrù ka ẹsẹ náà. Wọ́n yìnbọn pa Alfred Rewane, tóun náà wà nínú ìjà yìí, nínú ilé rẹ̀ n'Íkẹjà lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1995. Wọ́n pa Kúdírátù Abíọ́lá, tóun náà ń ja ìjà kan náà, lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996. Ta ló láyà láti sọ pé orí tiwọn ò dára? Ifá kò sọ pé ẹni tí orí bá ń bá lọ kò ní kú lójú ọ̀nà. Ó ní orí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ò padà. Nínú ìtàn bí Afùwàpẹ́ ṣe lọ yan orí, tó wà nínú Ogbè Ògúndá, kò sí ẹni tó lè fojú lásán mọ orí tó jiná nínú ilé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí. Àwa tí a dúró lóde ò gbọdọ̀ máa fi irú ikú tẹ́nì kan kú díwọ̀n orí rẹ̀.

Nígbà tí Adékúnlé Ajáṣin, olórí Afẹ́nifẹ́re, ẹgbẹ́ àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀, kú ní oṣù Kẹwàá 1997, Adésànyà di olórí ẹgbẹ́ náà. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, AD, ti gba ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ní 1999. Lábẹ́ rẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ti fọ́. Ìwọ̀nba àgbààgbà díẹ̀ ló jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans n'Íbàdàn, tí wọ́n yan Olú Fálaè dípò Bọ́lá Ìgè láti du ipò ààrẹ. Ọgbẹ́ náà ò jiná. Ní 2003, márùn-ún bọ́ lọ́wọ́ AD nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà náà, Èkó nìkan ló kù. Àṣìṣe tó tóbi ni, olórí ló sì ń ru àṣìṣe ilé. Àwọn tí wọ́n jọ sá fún ìbọn Abacha ti rí Kòso tiwọn, olúkúlùkù sì yà síbi tí wọ́n ti se oúnjẹ dè é.

Adésànyà fúnra rẹ̀ ò tún du àga kankan títí tó fi kú lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹrin 2008, lẹ́ni ọdún márùn-dín-láàádọ́rùn-ún. Lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, lápá Ajah, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé gbígbé kan tó tóbi, tí ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀ sì gba orúkọ náà. Láàárọ̀ kùtùkùtù, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ á máa pariwo “Abraham Adésànyà! Abraham Adésànyà!” Wọn kì í fi sẹ́nétọ̀ síwájú rẹ̀.