Ẹni Tó Fi Inú Rere Tan Irọ́ Kálẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, kí GSM tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2001, ìyá tó wà ní Ìlíṣàn tó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ l'Ékòó, ọkọ̀ ni í sábà wọ̀. Lónìí, ìṣẹ́jú kan ti tó. Alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ohùn ọmọ ń gbà wọlé ni irọ́ náà ń gbà.

Ní oṣù August 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ lórí fóònù: ẹ fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ẹ sì mu ún. Ó kéré tán, èèyàn méjì kú nínú àwọn tó mu ún. Àwọn tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀tá o. Ìyá ló ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ló ń pe àbúrò. Ǹjẹ́ wọ́n jẹ̀bi?

Àwọn kan ní rárá, àánú ló ṣe wọ́n. Àwa kò gbà pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Suratul-Hujurat, ẹsẹ̀ 6, pàṣẹ pé bí arúfin bá mú ìròyìn wá, kí a wádìí rẹ̀. Lóòótọ́, ìyá ẹni kì í ṣe arúfin. Ṣùgbọ́n ta ló sọ ọ́ fún ìyá? Àjèjì ni ì bá sọ ọ́ fún wa, à bá bi í léèrè. Ìfẹ́ tí a ní sí ẹni tó pè wá ni kò jẹ́ ká béèrè. Bẹ́ẹ̀, fóònù kan náà tí wọ́n fi tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀, òun náà ni wọn ì bá fi pe nọ́ọ̀sì.